Ní Yorkshire, Níbi Tí Fèrè Idẹ Ti Ń Kọ Orin Onígìtá

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé, bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko ẹni tí ó tóbi tó ti baba òun. Báǹdì onífèrè idẹ kì í ṣe àjèjì sí àwa Yorùbá. Ọdún 1908 ni ẹgbẹ́ Boys' Brigade ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ọdún 1920 sì ni ẹgbẹ́ Salvation Army dé bá wọn. Láti ọwọ́ irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, àti láti ọwọ́ àwọn ṣọ́jà àti ọlọ́pàá, ni fèrè idẹ ti wọ súkúù, sọ́ọ̀sì àti òde ìsìnkú àgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé agbègbè Yorkshire, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìgbà ìsinmi súkúù, oko baba ẹlòmíràn ni mo dé. Mo rí níbẹ̀ ohun tí ó yẹ kí ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin òbí tí ń fi owó ọjà tọ́ ọmọ, gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Bradford, ni ó ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 11, ń fọn kọ́nẹ́ẹ̀tì nínú báǹdì àwọn ọmọdé ní abúlé kan tí kò jìnnà síbẹ̀. N kò tíì sọ ẹrù mi kalẹ̀ tán tí ọmọ náà fi kúnlẹ̀ kí mi, tí ó sì wí pé, "Àǹkù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ mọ́mì mi. Mo fẹ́ fi báǹdì sílẹ̀."

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ohùn kan náà ni mo ń fọn láti ìbẹ̀rẹ̀ orin títí dé òpin rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, ẹnikẹ́ni kò níí mọ̀." Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun mẹ́ta náà ti pinnu láti lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí mi, ó ní, "Ìwọ ni tíṣà. Bá mi bá a sọ̀rọ̀." Ṣùgbọ́n a kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ọ̀gá báǹdì náà. Obìnrin ni, tíṣà súkúù sì ni bí èmi náà. Ó ránṣẹ́ padà pé inú òun dùn láti gbà mí ní àlejò ní alẹ́ Tuesday tí wọ́n máa ń pàdé, ṣùgbọ́n kí n tó wá, kí n lọ wo Saltaire àti Queensbury, kí n lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá.

Ọkọ̀ ojú irin láti Bradford sí Saltaire kò pẹ́ rárá. Ibẹ̀ kò ju bí máìlì mẹ́rin lọ. Ìlú kékeré ni, òkúta aláwọ̀ ìyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ilé rẹ̀, òpópó rẹ̀ tọ́ bí ẹni pé rúlà ni wọ́n fi fà á. Ọlọ́rọ̀ kan tí ń hun aṣọ irun àgùntàn, Titus Salt, ni ó dá a sílẹ̀. Ní 1853 ni ó ṣí ilé iṣẹ́ ńlá rẹ̀ létí odò Aire, ó sì kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó kọ́ sọ́ọ̀sì, súkúù, ilé ìwòsàn àti ilé ìwẹ̀. Ilé ọtí nìkan ni kò gbà kí wọ́n kọ́ síbẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ àti orúkọ odò náà ni wọ́n so pọ̀ tí ó di Saltaire, orúkọ ìyàwó rẹ̀ Caroline àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà lára àwọn òpópó títí di òní. Ilé iṣẹ́ náà kò hun aṣọ mọ́ láti 1986. Àwòrán àti ìwé ni wọ́n ń tà tí wọ́n sì ń pàtẹ níbẹ̀ nísinsìnyí. Ní 2001 ni àjọ UNESCO fi ìlú náà sínú àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Ohun tí ó gbé mi lọ wà ní Victoria Road. Gbọ̀ngàn kan ni, Victoria Hall ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1871 ni wọ́n ṣí i. Kìnnìún òkúta méjì dùbúlẹ̀ síwájú rẹ̀ bí ajá olówó, méjì ẹgbẹ́ wọn sì wà ní òdìkejì títì. Nínú gbọ̀ngàn yìí, ní ọjọ́ 30 oṣù June, 1968, ni Paul McCartney, ọ̀kan nínú àwọn Beatles mẹ́rin, gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ wá láti gba ohùn báǹdì àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan tí à ń pè ní Black Dyke Mills Band. Orin kan tí ó ṣe fún eré apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣọ̀n, "Thingumybob", ni wọ́n fọn sí ojú kan àwo náà. Ojú kejì, "Yellow Submarine" ni, orin tí àwọn Beatles fúnra wọn ti fi gìtá àti ìlù kọ ní 1966. Àwo yìí wà lára àwọn tí ilé iṣẹ́ Apple ti àwọn Beatles kọ́kọ́ gbé jáde. Kò tà bí wọ́n ti rò. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé orin onígìtá lè jókòó sí ẹnu fèrè idẹ láìtijú, bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tò bá tò ó.

Queensbury ni mo lọ ní ọjọ́ kejì. Bọ́ọ̀sì gba Bradford jáde, ó ń gun òkè bí ẹni ń gun Olúmọ, títí a fi ga ju 1,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Atẹ́gùn ibẹ̀ lè ṣí fìlà Ọba lórí. Níbẹ̀ ni ilé iṣẹ́ John Foster wà, Black Dyke Mills, tí wọ́n dá báǹdì náà sílẹ̀ ní 1855. Àwọn tí ń hun aṣọ ní ọ̀sán ni ó ń fọn fèrè ní alẹ́. Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n báǹdì náà ń bẹ. Black Dyke Band ni wọ́n ń pè é báyìí, òkìkí rẹ̀ sì kan káàkiri ayé.

Ẹ lè bi mí pé báwo ni òṣìṣẹ́ aláṣọ ṣe di olórin ńlá. Ìdí rẹ̀ wà nínú fèrè náà fúnra rẹ̀. Adolphe Sax, ará Bẹ́ljíọ̀mù, ẹni kan náà tí ó ṣe sasofóònù, ni ó tún irú fèrè wọ̀nyí ṣe láàárín ọdún 1840 sí 1850 tí kékeré àti ńlá wọn fi jọra bí ọmọ ìyá. Ìtẹ̀ mẹ́ta ni ìka ń tẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn báǹdì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fi ọgbọ́n kan kún un: ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà kọ ìwé orin fún gbogbo wọn, láti orí kọ́nẹ́ẹ̀tì tín-ín-rín títí dé orí báàsì tí ó tóbi bí ìkòkò aró, àfi tìrómbóònù ńlá kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá ti mọ kọ́nẹ́ẹ̀tì fọn lè gbé báàsì lọ́la, kí ìka rẹ̀ má sì ṣìnà. Bí baba kan bá kú tàbí tí ó bá ṣí lọ, ẹlòmíràn á bọ́ sí ipò rẹ̀, báǹdì á sì máa lọ. Nǹkan bí ènìyàn 25 ni báǹdì àgbà máa ń ní, yàtọ̀ sí àwọn onílù.

Àwọn tí ń wa èédú nínú ilẹ̀ náà ní báǹdì tiwọn. Èyí tí ó lókìkí jù ni ti Grimethorpe, ní ìhà gúúsù Yorkshire, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1917. Ní oṣù October 1992, ìjọba kéde pé kí wọ́n ti ibi ìwakùsà 31 pa, Grimethorpe sì wà lára wọn. Nínú oṣù kan náà ni báǹdì wọn lọ sí Royal Albert Hall ní London, tí wọ́n sì gba ipò kìíní ní gbogbo ilẹ̀ náà. Ní 1993, wọ́n ti kòtò èédú náà pa. Báǹdì kò kú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ewu tí ó wà níbẹ̀. Láyé àtijọ́, ilé iṣẹ́ ni ó ń ra fèrè, ọmọ sì ń tẹ̀ lé baba lọ síbi iṣẹ́ àti síbi báǹdì. Nísinsìnyí kò sí ilé iṣẹ́, kò sí kòtò. Ìfẹ́ orin nìkan ni ó kù tí ó lè fa ọmọdé kúrò nídìí bọ́ọ̀lù àti fóònù. Bí ọmọ mẹ́rin bá jáde lónìí, tí mẹ́ta bá jáde lọ́dún tí ń bọ̀, ohun tí àwọn baba ńlá wọn fi èémí gbé ró láti ọdún 1855 yóò di ìtàn. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀gá báǹdì ọmọdé fi ń tún orin rọ́ọ̀kì àtijọ́ tò fún wọn. Orin ọdún 1970 sí 1989 ni púpọ̀ nínú wọn. Ìyá àgbà mọ̀ wọ́n, bàbá mọ̀ wọ́n, ọmọ náà sì ti gbọ́ wọn ní pápá bọ́ọ̀lù. Ilé á kún, gbogbo ẹnu á sì máa bá wọn kọ ọ́.

Alẹ́ Tuesday dé, mo tẹ̀ lé ọmọ náà lọ. Nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ni wọ́n ń pàdé. Mo ka ọmọ 19. Ẹni tí ó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 8, ẹni tí ó dàgbà jù jẹ́ ọmọ ọdún 16. Ọ̀gá wọn fún mi ní tíì, ó sì fi ìwé orin tí ó dá ìjà sílẹ̀ hàn mí. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún báǹdì àgbà ni, ọjà ni wọ́n ti rà á. Mo wo ìlà ti kọ́nẹ́ẹ̀tì kẹta. Òótọ́ ni ọmọ wa sọ! Ohùn kan náà ni, ó tò lọ ojú ìwé kan bí èèrà.

Obìnrin náà ní, "Ìwé yìí kò burú. Ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún ni kò sí níhìn-ín." Ó ti pinnu láti tún orin tuntun tò fún ìwọ̀n àwọn ọmọ tirẹ̀, ó sì jẹ́ kí n jókòó tì í ní ilé rẹ̀ ní ọjọ́ méjì tí ó fi ṣe é. Pẹ́ńsù, ìrésà àti ìwé onílà ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé ohun tí mo rí, nítorí ẹ̀yin tíṣà tí ẹ mọ sol-fa yóò tètè mọ ọgbọ́n rẹ̀.

Ibi tí doh wà ni ó kọ́kọ́ wò. Gìtá fẹ́ràn E àti A. Orin "Don't Stop Believin'", tí ẹgbẹ́ Journey ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1981, doh rẹ̀ wà lórí E. Ṣùgbọ́n kọ́nẹ́ẹ̀tì kì í ka ìwé bí dùùrù ti ń kà á. Kí ohùn E ti dùùrù tó lè jáde, ìwé kọ́nẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ bọ́ sórí F ṣáàpù, tí ó ní ṣáàpù 6. Ìwé họ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ bọ́ sórí C ṣáàpù, tí ó ní 7. Tíṣà wo ni yóò gbé irú rẹ̀ ka iwájú ọmọ ọdún 9? Obìnrin náà fa doh wálẹ̀ ní ìdajì ohùn kan péré, láti E sí E fúláàtì. Ìwé kọ́nẹ́ẹ̀tì di F, fúláàtì kan ni ó ní. Ìwé họ́ọ̀nù di C, kò ní ṣáàpù, kò ní fúláàtì. Ẹni tí ó jókòó lórí àga kò níí mọ̀ pé orin ti kúrò níbi tí ó wà. Ìka ọmọ ni yóò mọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ó wo ẹnu. Ètè ni fèrè idẹ, àwọn tí kò fọn ọ́n rí kò mọ̀. Bí ohùn bá ti ń gòkè ni ètè ń le sí i, ètè ọmọdé kì í sì í pẹ́ rẹ̀. Òmíràn nínú wọn, eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Òmíràn, wọ́n fi wáyà de eyín rẹ̀ kí ó lè tò dáadáa. Olórin rọ́ọ̀kì lè pariwo lókè fún ìṣẹ́jú mẹ́rin nítorí makirofóònù ń bá a gbé e. Ọmọdé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ibi tí orin ti ga jù, ó mú un sọ̀ kalẹ̀, tàbí kí ó fún àwọn ọmọ ọdún 15 àti 16. Níbi tí èémí yóò ti tán, ó fi ìsinmi sí i, ó sì jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kejì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn. Gìtá kì í mí, ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́dọ̀ mí.

Ariwo gìtá oníná ńkọ́, èyí tí ó máa ń hó bí ọkọ̀ tí ń gun òkè? Ó ní àṣírí rẹ̀ ni pé onígìtá sábà máa ń lu doh àti soh nìkan, láìfi mi sí i. Ó kó doh àti soh náà fún tìrómbóònù àti báàsì ní ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n fọn ọ́n, fèrèsé gbọ̀ngàn mì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọ wa wà gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí. Nígbà tí ó kan kọ́nẹ́ẹ̀tì kẹta, obìnrin náà bi mí pé báwo ni a ti ń ṣe é ní ilé wa bí onílù bá pọ̀. Mo sọ fún un nípa dùndún. Mo ní ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀, òun ni gbogbo ènìyàn ń gbọ́, òun ni wọ́n sì ń lẹ owó mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo gúdúgúdú, ìlù kékeré tí a so kọ́ ọrùn tí a ń fi awọ lù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, síbẹ̀ bí ó bá dákẹ́, ẹsẹ̀ oníjó á ṣì í gbé. Kò sí onígúdúgúdú tí ó ń sọ pé bí òun bá dákẹ́ ẹnikẹ́ni kò níí mọ̀.

Ó gbé pẹ́ńsù sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Ohun tí ọmọ náà ń béèrè nìyẹn. Kì í ṣe ohùn púpọ̀ ni ó ń wá. Ohùn tí ó nílárí ni." Ó nu ìlà náà rẹ́. Ohùn márùn-ún péré ni ó lò fún kọ́nẹ́ẹ̀tì kẹta, láti doh dé soh, àwọn tí ọmọ ti mọ̀ láti ọdún kìíní. Ṣùgbọ́n ó fi ìró kan tí ń ta kìjí-kìjí sí i, èyí tí ó ń ti gbogbo orin síwájú. Ní àárín orin, ó dá gbogbo báǹdì dúró, ó sì fi ìlà mẹ́rin sílẹ̀ fún kọ́nẹ́ẹ̀tì kẹta nìkan. Bí wọ́n bá dákẹ́ níbẹ̀, gbogbo abúlé ni yóò mọ̀!

Ó tún ro ti ọmọ tí kò níí wá. Báǹdì àgbà lè sọ pé euphonium ni yóò kọ apá ibi tí gìtá ti ń dá kọrin. Nínú báǹdì ọmọdé, òtútù lè mú ọmọ tí ń fọn euphonium. Nítorí náà, ó fi lẹ́tà kéékèèké kọ ohùn kan náà sínú ìwé họ́ọ̀nù, kí ẹni tí ó wà lè dúró fún ẹni tí kò wá. Fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí wọn kò tíì mọ ju ohùn kan lọ, ó tò "We Will Rock You" ti ẹgbẹ́ Queen, ti ọdún 1977, nítorí ẹsẹ̀ àti àtẹ́wọ́ ni ó gbé púpọ̀ nínú orin náà ró. Ó tún tò "Smoke on the Water" ti Deep Purple, ti ọdún 1972, tí ohùn gìtá tí gbogbo ayé mọ̀ níbẹ̀ kò ju ohùn mẹ́rin lọ.

Ó kù nǹkan kan tí ẹ̀yin oníṣòwò yóò mọ rírì rẹ̀. Orin kì í ṣe ẹrù aláìlólúwa. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún orin ẹlòmíràn tò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ oní-ǹkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀tọ́ náà wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tí ó kọ ọ́, òfin Nàìjíríà ti 2022 sì sọ bákan náà. Obìnrin náà ti kọ lẹ́tà, ó ti gba èsì kí ó tó gbé pẹ́ńsù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ ọ. Kí ẹnikẹ́ni tó fi fèrè sẹ́nu, ọ̀gá wọn ní kí wọ́n fi ẹnu kọ ọ́, kí wọ́n sì pàtẹ́wọ́, nítorí olórin rọ́ọ̀kì máa ń sáré ṣíwájú ìlù díẹ̀, ìwé kò sì lè kọ́ ọmọ ní ìyẹn bí etí ti lè kọ́ ọ. Ní ọjọ́ Sunday kan, wọ́n fọn ọ́n ní ọgbà ìgbafẹ́ abúlé náà. Òjò ń ṣe winniwinni, àwọn àgbà jókòó sábẹ́ agbòjò wọn. Nígbà tí ó kan ìlà mẹ́rin náà, báǹdì dákẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn méjì tí ó jókòó tì í fọn ọ́n, ojú wọn le koko bí ojú ẹni ń ka èsì ìdánwò. Baba arúgbó kan tí ó jókòó níwájú mi sọ agbòjò rẹ̀ kalẹ̀ nínú òjò, ó sì pàtẹ́wọ́.

Nínú àwọn mẹ́rin tí ó fẹ́ lọ, mẹ́ta dúró. Ẹnìkan lọ síbi bọ́ọ̀lù, inú rẹ̀ sì dùn níbẹ̀, a kò lè bá a jà. Ọmọ tiwa kò tún bẹ̀ mí sí ìyá rẹ̀ mọ́. Ohun tí ó ń bèèrè nísinsìnyí ni ìgbà tí òun yóò bọ́ sórí kọ́nẹ́ẹ̀tì kejì.

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, mélòó nínú súkúù wa ni fèrè idẹ wà nínú sítọ́ọ̀ rẹ̀ tí eruku ń jẹ? A máa ń sọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò ní sùúrù. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé tí a gbé ka iwájú wọn. Kò di dandan kí ó jẹ́ orin rọ́ọ̀kì. Orin háíláìfù tí àwọn òbí wọn jó sí ń bẹ, orin ìyìn tí wọ́n ń kọ ní sọ́ọ̀sì ń bẹ. Ẹ gba àṣẹ, ẹ fa doh sí ibi tí ìka ọmọ tó, ẹ fún èémí ní àyè, ẹ sì rí i pé ẹni tí ó kéré jù nínú wọn ní ìlà kan tí báǹdì kò lè ṣe aláìní. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ní òun fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀, ẹ bi í ní ohun tí wọ́n fún un ṣe níbẹ̀ kí ẹ tó bínú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àgbà tí ó bá fẹ́ kí ọmọ jẹ nínú ohun tí ó wà lórí pẹpẹ, òun ni yóò gbé e sọ̀ kalẹ̀ fún un.